Bí o ṣe lè kọ́ òfin pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ ìwà ọ̀daràn ní yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Bí ẹnì kan bá gún ẹlòmíràn lọ́bẹ, òfin máa béèrè pé: ta ló mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, kí ló wà lọ́kàn rẹ̀, ta ló rí i, ẹ̀rí wo ló wà nílẹ̀? Criminology, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn, máa béèrè tirẹ̀: kí ló dé tí irú èyí fi ń ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò yìí ju tọ̀hún lọ, irú ọmọ wo ni ọlọ́pàá ń dá dúró lójú pópó, ẹni tí wọ́n rán lọ sẹ́wọ̀n, ṣé ó yí padà ni àbí ó jáde wá tún un ṣe? Dìgírì kan wà tó so méjèèjì pọ̀, ó sì wúlò gan-an fún ẹni tó bá mọ bó ṣe máa lò ó. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lò lè parí ọdún mẹ́ta kó tó rí i pé ilé ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà kò ní gba òun wọlé.

England ni mo máa dúró lé lórí. Ibẹ̀ ni irú dìgírì yìí ti wọ́pọ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń kọ́ ọ, àwọn tí wọ́n bí sí Peckham tàbí Manchester, àti àwọn tó ń ti Ìbàdàn, Èkó tàbí Abẹ́òkúta lọ. Yunifásítì Sheffield, Manchester àti Royal Holloway wà lára àwọn tó ní in. Ọdún mẹ́ta ni, krẹ́díìtì 120 lọ́dún kan, 360 lápapọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: mọ ibi tí o ti fẹ́ ṣiṣẹ́ kí o tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù

Bí o bá gbàgbé gbogbo ohun yòókù tí mo kọ síbí, má gbàgbé èyí. Wo lẹ́tà tó wà lára dìgírì náà. LLB ni dìgírì òfin. BA tàbí BSc tí wọ́n kọ "Criminology and Law" sí lára rẹ̀ lè máà jẹ́ dìgírì òfin rárá, ó lè jẹ́ pé kọ́ọ̀sì òfin bíi mélòó kan péré ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ di barrister, ìyẹn lọ́yà tó ń rojọ́ ní kóòtù, ní England gbọ́dọ̀ ti kọ́ ìpìlẹ̀ méje: public law (òfin tó de ìjọba), òfin ọ̀daràn, òfin àdéhùn, tort (òfin lórí ìpalára tí ẹnì kan ṣe fún ẹlòmíràn), òfin ilẹ̀, equity and trusts (tó kan ohun ìní tí a fi síkàáwọ́ ẹlòmíràn), àti òfin àjọ ilẹ̀ Yúróòpù. Bí ọ̀kan bá sọnù nínú wọn, owó míì àti àkókò míì lo máa ná láti wá a. Ọ̀nà solicitor, ìyẹn lọ́yà tó ń gba oníbàárà nímọ̀ràn tó sì ń ṣètò ẹjọ́ wọn, yàtọ̀: láti ọdún 2021 tí ìdánwò SQE ti bẹ̀rẹ̀, dìgírì èyíkéyìí ló lè gbé èèyàn débẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò kọ́ òfin rí máa ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe kó tó lè jókòó sí ìdánwò náà.

Orúkọ dìgírì kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀. "Law with Criminology" sábà máa ń túmọ̀ sí pé òfin ló pọ̀ jù. "Law and Criminology" lè sún mọ́ ìdajì sí ìdajì, ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ló sì mọ bó ṣe pín in. Ṣí ojú ewé kọ́ọ̀sì náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kà á lọ́dọọdún, kí o fi bírò sàmì sí ìpìlẹ̀ méjèèje lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí o kò bá rí wọn pé, má sọ pé bóyá ó wà níbì kan. Béèrè.

Ní báyìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ padà wá ṣe lọ́yà ní Nàìjíríà, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Council of Legal Education ló ń pinnu ẹni tó lè wọ Nigerian Law School, wọ́n sì ní àwọn kọ́ọ̀sì tó pọn dandan kí ẹni tó kàwé lókè òkun ti kọ́ kó sì ti yege nínú wọn. Kì í ṣe méje ti England nìkan. Òfin ẹ̀rí, òfin òwò àti òfin ilé iṣẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ yunifásítì England, ẹni tó bá wù ú ló ń yan àwọn wọ̀nyẹn. Ẹni tó ń ṣe òfin nìkan ní àyè láti yàn wọ́n. Ìwọ tó so criminology mọ́ ọn, kọ́ọ̀sì criminology ti gba àyè náà. Ibí ni ọmọ ẹlòmíràn ti máa ń kọsẹ̀, tí yóò gba dìgírì tó dára tán, tí yóò wá di pé kó tún padà lọ kọ́ kọ́ọ̀sì méjì tàbí mẹ́ta. Gba ìlànà tuntun lọ́wọ́ Council fúnra wọn, kí o tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, kí o gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀sì yunifásítì náà. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí part-time lo fẹ́ kà á, rí i pé wọ́n kọ́kọ́ fi ìwé sọ fún ọ bóyá wọ́n máa gbà á, kí o tó san kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn náà, kọ ímeèlì sí ọ́fíìsì tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Ìbéèrè mẹ́ta péré: ṣé LLB yìí kún ojú ìwọ̀n Bar Standards Board, àjọ tó ń bójú tó àwọn barrister? Ṣé mo lè yan òfin ẹ̀rí, òfin òwò àti òfin ilé iṣẹ́, kí n má sì pàdánù criminology? Ọdún wo ni mo lè yàn wọ́n? Tọ́jú èsì tí wọ́n bá fún ọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: gbígba àyè

UCAS, àjọ tó ń gba fọ́ọ̀mù fún àwọn yunifásítì, ni ọ̀pọ̀ jù lọ ń gbà wọlé. Yunifásítì márùn-ún lo lè kọ sílẹ̀, àárín oṣù kìíní ọdún sì ni ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù ń pé fún ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti London. Fún àwọn tó ń wọlé láti ọdún 2026, lẹ́tà ara ẹni ti di ìbéèrè mẹ́ta: ìdí tí o fi fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, bí ohun tí o ti kà ṣe mú ọ gbára dì, àti ohun tí o ti ṣe lẹ́yìn kíláàsì. Gbogbo rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 4,000 lọ, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀.

Má kọ pé láti kékeré lo ti fẹ́ràn ìdájọ́ òdodo. Gbogbo ènìyàn ló ń kọ ọ́. Kọ nípa ohun kan tí o rí, kí o sì bi í ní ìbéèrè méjèèjì. Ká ní o ti lọ jókòó ní kóòtù májísíréètì kan l'Ọ́ta tàbí l'Ákúrẹ́, tí o rí bí wọ́n ṣe fún ẹnì kan ní béèlì, tí kò sì rí onídùúró tó kúnjú ìwọ̀n títí wọ́n fi dá a padà sí àtìmọ́lé. Òfin fún un ní béèlì. Kí ló dé tó ṣì wà ní àhámọ́? Ẹni tó bá lè kọ gbólóhùn mẹ́wàá tó mọ́gbọ́n wá lórí ìyẹn ti fi hàn pé dìgírì alápapọ̀ yìí ló tọ́ sí òun.

A-level mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Ẹni tó ní WAEC nìkan lè ní láti kọ́kọ́ ṣe ọdún ìpìlẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ yunifásítì sì ń gba C6 nínú Gẹ̀ẹ́sì WAEC gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé o gbọ́ èdè. Oxford, Cambridge, LSE, UCL, King's, Durham àti Bristol ń béèrè ìdánwò LNAT fún òfin: ìbéèrè 42 láàárín ìṣẹ́jú 95, lẹ́yìn náà àròkọ kan fún ìṣẹ́jú 40. Kò sí òfin nínú rẹ̀ rárá. Bí o ṣe ń ka àyọkà tí o sì ń mọ ohun tí òǹkọ̀wé gbà láìsọ ni wọ́n ń wò. Bí ilé ìwé tí o yàn kò bá béèrè rẹ̀, má dààmú ara rẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: owó àti físà

Ọmọ tó ní ẹ̀tọ́ sí owó onílé ní England san £9,535 fún ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026, ó sì lè yá a lọ́wọ́ Student Finance. Ẹni tó ń ti Nàìjíríà lọ máa san ju ìyẹn lọ dáadáa, ó sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé owó ilé ìwé ọdún àkọ́kọ́ àti owó oúnjẹ oṣù mẹ́sàn-án wà ní báńkì, kó sì ti wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 28 láìdínkù. Bí owó náà bá dín fún ọjọ́ kan ṣoṣo láàárín ọjọ́ 28 yẹn, wọ́n lè kọ físà náà. Owó ìlera tún wà, £776 lọ́dún, tí a ń san fún gbogbo ọdún lẹ́ẹ̀kan náà. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni físà fàyè gbà fún iṣẹ́ nígbà tí ilé ìwé bá wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ìṣirò pé ọmọ máa fi iṣẹ́ alẹ́ san owó ilé ìwé. Òfin kò fàyè gbà á, ìwé kíkà náà kò sì ní jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kọ́ bí a ṣe ń ka ìdájọ́

Ìwé ìdájọ́ ló máa gba àkókò rẹ jù lọ lọ́dún àkọ́kọ́. Ohun mẹ́rin ni kí o máa wá nínú rẹ̀: kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an, ìbéèrè òfin wo ló wà níwájú adájọ́, kí ni wọ́n dá, ìdí wo ni wọ́n fi dá a bẹ́ẹ̀. Ìdí yẹn ni ratio, òun ló ń de àwọn kóòtù tó wà nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí adájọ́ sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, obiter, ṣeé tọ́ka sí ṣùgbọ́n kò de ẹnikẹ́ni. Ka àlàyé ẹni tó pàdánù pẹ̀lú, torí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Bí o kò bá mọ ohun tó mú kí ẹjọ́ náà le, o kò tíì mọ ẹjọ́ náà.

Jẹ́ ká mú ẹjọ́ kan tó bá ẹ̀kọ́ méjèèjì mu: R v Jogee, tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní London dá ní oṣù kejì ọdún 2016. Ọkùnrin méjì ló lọ sí ilé obìnrin kan ní Leicester lóru lọ́dún 2011. Ọ̀kan mú ọ̀bẹ ní ilé ìdáná, ó sì gún ọkùnrin tó wà nínú ilé náà pa. Jogee kò mú ọ̀bẹ. Ìta ló wà nítòsí ẹnu ọ̀nà, tó ń pariwo, tó ń ki ẹnìkejì rẹ̀ láyà. Wọ́n dá àwọn méjèèjì lẹ́bi ìpànìyàn. Òfin tí wọ́n ń tẹ̀lé láti ọdún 1984 ni pé bí ẹ̀yin méjì bá jọ lọ ṣe láabi, tí ìwọ sì ti rí i tẹ́lẹ̀ pé ẹnìkejì rẹ lè pànìyàn tàbí kó ṣe é léṣe gidi, ẹ̀bi ìpànìyàn dé orí rẹ pẹ̀lú. Àwọn adájọ́ sọ lọ́dún 2016 pé òfin ti ṣìnà látìgbà yẹn. Kí èèyàn rí i pé nǹkan lè ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí kó fẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Rírí i tẹ́lẹ̀ yẹn, ẹ̀rí lásán ni, àwọn ará ìlú méjìlá tó ń gbọ́ ẹjọ́ ni yóò wọ̀n ọ́n. Wọ́n tún ẹjọ́ Jogee gbọ́, manslaughter, tí kò wúwo tó ìpànìyàn, ni wọ́n sì dá a lẹ́bi rẹ̀.

Ibí ni òfin nìkan máa dúró sí. Ìwọ máa tẹ̀ síwájú: ta ni òfin àtijọ́ yẹn ti kó sẹ́wọ̀n fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún? Ìwádìí àwọn onímọ̀ ìwà ọ̀daràn fi hàn pé àwọn ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú pọ̀ nínú wọn ju bó ṣe yẹ lọ, àti pé fídíò orin tàbí kí a jọ máa rìn pọ̀ ti di ohun tí wọ́n fi ń sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n. Àwọn tí wọ́n ti dá lẹ́bi ṣáájú 2016 kò sì rí ìtúsílẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀ lásán. Ẹni tí àkókò kòtẹ́milọ́rùn rẹ̀ ti kọjá gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìrẹ́jẹ ńlá ni wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ohun tó kan àwọn ọmọ wa ní Tottenham àti Peckham tààràtà nìyí, mi ò sì mọ ìdí mìíràn tó lágbára jù yìí lọ láti kọ́ ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: má há tíọ́rì sórí, lò ó

Wọ́n máa kọ́ ọ nípa Lombroso, dókítà ará Ítálì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó rò pé ojú àti agbárí ni a fi ń dá ọ̀daràn mọ̀. Wọ́n máa kọ́ ọ nípa Merton, tó sọ lọ́dún 1938 pé bí àwùjọ bá ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n lówó, tí kò sì la ọ̀nà fún gbogbo wọn, àwọn kan máa wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Becker ní tirẹ̀ ní ká wo àwọn tó ń lẹ orúkọ ọ̀daràn mọ́ èèyàn lára. Cohen àti Felson, lọ́dún 1979, ní ohun mẹ́ta ló ń pàdé: ẹni tó ṣe tán láti ṣe é, ohun tó wuni láti mú, àti àìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Mú ohun kan tí ojú rẹ ń rí, kí o fi gbogbo wọn dán an wò. Fóònù tí wọ́n ń já gbà lójú ọ̀nà ní London, fún àpẹẹrẹ. Cohen àti Felson máa tọ́ka sí ọmọ tó wà lórí kẹ̀kẹ́, ẹni tó di fóònù mú létí títì tó ń wo máàpù, àti ọlọ́pàá tí kò sí nítòsí. Merton máa béèrè ohun tí ọmọ yẹn ń wá àti ọ̀nà tó ti ń dí mọ́ ọn. Becker máa béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ kan ni wọ́n ń dá dúró yẹ̀ wò ju àwọn mìíràn lọ, àti ohun tí ìyẹn ń sọ wọ́n dà. Bí o bá ti lè ṣe èyí lórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìdánwò kò ní bà ọ́ lẹ́rù.

Má sì sá fún ìṣirò. Ohun tí ẹnì kan bá fi tó ọlọ́pàá létí tàbí tí ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ bá rí nìkan ni ọlọ́pàá ń kọ sílẹ̀, ní ọdún 2014 sì ni wọ́n gba àmì ìṣirò tó ṣeé gbára lé kúrò lára iye tí ọlọ́pàá England àti Wales ń kọ. Crime Survey, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982, ń lọ bá àwọn ènìyàn nílé láti béèrè ohun tí ojú wọn ti rí, ìbáà jẹ́ wọ́n fi ẹjọ́ sùn tàbí wọn kò fi sùn. Òun náà ní àbùkù: kì í bá ẹni tí kò nílé tàbí ẹni tó wà lẹ́wọ̀n sọ̀rọ̀, òkú kò sì lè dáhùn ìbéèrè, nítorí náà ìpànìyàn kò sí nínú rẹ̀. Nígbàkúgbà tí o bá rí iye kan nínú ìwé ìròyìn, kọ́kọ́ béèrè èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọwọ́ ìkọ̀wé méjì

Ohun tó ń jẹ máàkì ọ̀pọ̀ nìyí. Nínú òfin, wọ́n á fún ọ ní ìtàn kan, wọ́n á ní kí o gba ẹnì kan nímọ̀ràn. Dárúkọ ìṣòro òfin náà, sọ òfin tó dè é pẹ̀lú ẹjọ́ tó tì í lẹ́yìn, fi òfin náà lé ìtàn lórí gbólóhùn kan sí òmíràn, kí o wá sọ ibi tó já sí. Fífi òfin lé ìtàn lórí ni máàkì wà. Ọ̀pọ̀ á ka òfin sílẹ̀ bí ẹni ń ka oríkì, wọ́n á sì gbàgbé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Nínú criminology, àríyànjiyàn ni wọ́n fẹ́: kí o gbé onímọ̀ kan dojú kọ òmíràn, kí o wo irú ìwádìí tí oníkálukú ṣe, kí o sọ èyí tí o gbà àti ìdí tí o fi gbà á.

Bí a ṣe ń tọ́ka sí ìwé pẹ̀lú yàtọ̀. OSCOLA ni òfin ń lò, tó ń kó gbogbo rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé pẹ̀lú nọ́ńbà. Criminology sábà máa ń lo Harvard tàbí APA, tó ń fi orúkọ àti ọdún sínú gbólóhùn gan-an. Ní fáìlì méjì lórí kọ̀ǹpútà rẹ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí o kọ àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan sínú wọn: ẹjọ́, òfin ilé ìgbìmọ̀, ìwé, àyọkà. Ọdún àkọ́kọ́ kì í sábà kà mọ́ èsì ìkẹyìn, nítorí náà ìgbà yẹn ni kí o ti ṣe gbogbo àṣìṣe rẹ tán.

Ìgbésẹ̀ keje: jáde lọ wo iṣẹ́ náà

Ilé ẹjọ́ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Lọ sí kóòtù àwọn májísíréètì kí o tó lọ sí èyí tó tóbi, torí ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ẹjọ́ ọ̀daràn ní England ti ń bẹ̀rẹ̀ tó sì ń parí. Bó bá jẹ́ Old Bailey, ilé ẹjọ́ ọ̀daràn ńlá ní London, lo ń lọ, fi fóònù sílé, wọn kò ní jẹ́ kí o gbé e wọlé. Mú ìwé kékeré kan dání, kí o kọ iye ìṣẹ́jú tí ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan gbà àti bóyá olùjẹ́jọ́ ní lọ́yà.

Má kọ òfin ẹ̀rí sílẹ̀, ìbáà jẹ́ pé o kò ní padà sí Nàìjíríà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Damilola Taylor nígbà tí wọ́n gún un ní Peckham ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún 2000, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tó ti Nàìjíríà dé. Nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù lọ́dún 2002, adájọ́ ní kí wọ́n má ka ẹ̀rí ọmọdébìnrin tó jẹ́ ẹlẹ́rìí pàtàkì sí, wọn kò sì dá ìkankan lẹ́bi nínú àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò tuntun rí ẹ̀jẹ̀ Damilola lára bàtà tí àwọn tó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kò rí i lára rẹ̀. Ọdún 2006 ni wọ́n tó dá tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì lẹ́bi manslaughter. Ọdún mẹ́fà ni àwọn òbí rẹ̀ fi dúró, lórí ẹ̀jẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Wọ ẹgbẹ́ tó ń ran aráàlú lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní yunifásítì rẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Cardiff wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ẹjọ́ Dwaine George, tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ẹ̀bi ìpànìyàn rẹ̀ ní ọdún 2014. Èrè mìíràn ni pé wákàtí tí o bá lò níbẹ̀ lè kà mọ́ ọdún méjì iṣẹ́ tí SQE ń béèrè, bí solicitor kan bá fọwọ́ sí i. Kọ ọjọ́ àti ohun tí o ṣe sílẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: iṣẹ́ ìwádìí ọdún kẹta

Gbogbo ènìyàn fẹ́ fọ̀rọ̀ wá ẹlẹ́wọ̀n lẹ́nu wò. Má bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúàbí ti yunifásítì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ilé iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, àkókò rẹ kò sì ní tó. Lo ìdájọ́ tó wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Find Case Law ti National Archives, tàbí dátà Crime Survey. Ìbéèrè tó kéré tí o dáhùn dáadáa sàn ju èyí tó tóbi tí o kàn fọwọ́ bà.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí

Fún barrister, ó kéré tán 2:2 (second class lower) lo nílò, ṣùgbọ́n 2:1 (second class upper) ni kí o máa lépa torí àwọn tó ń du àyè pọ̀. Wọ ọ̀kan nínú Inns mẹ́rin, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ àtijọ́ ti àwọn barrister: Lincoln's Inn, Gray's Inn, Inner Temple tàbí Middle Temple, ó pẹ́ tán ọ̀sẹ̀ méjìlá ṣáájú kí ẹ̀kọ́ Bar tó bẹ̀rẹ̀, kí o sì béèrè owó ìrànwọ́ wọn; owó ńlá ni wọ́n ń pín. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà ni pupillage, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ lábẹ́ barrister tó ti mọ iṣẹ́, oṣù méjìlá. Fún solicitor, SQE1 ní ìbéèrè 360, SQE2 sì jẹ́ iṣẹ́ lọ́yà gan-an, bíi fífi ọ̀rọ̀ wá oníbàárà lẹ́nu wò. Ẹni tí kóòtù kò wù, iṣẹ́ wà pẹ̀lú àwọn tó ń bójú tó ẹni tó jáde lẹ́wọ̀n, àwọn tó ń bójú tó ọmọdé tó dé kóòtù, àti CPS tó ń pe ẹjọ́ fún ìjọba.

Ní Nàìjíríà, Bar Part I ni ẹni tó ti òkè òkun dé ń kọ́kọ́ ṣe, kó tó bá àwọn yòókù ṣe Bar Part II. Òfin orílẹ̀-èdè, òfin ọ̀daràn, òfin ilẹ̀ àti ètò òfin Nàìjíríà ni wọ́n máa kọ́ ọ níbẹ̀. Ka Administration of Criminal Justice Act ti ọdún 2015, òfin tó ń darí bí a ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, ṣáájú kí o tó débẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n wa ni wọn kò tíì dá lẹ́jọ́, òfin yẹn sì ní ohun púpọ̀ láti sọ lórí wọn. EFCC, ICPC àti Legal Aid Council nílò ẹni tó lè ka òfin náà kó sì tún lè ka iye àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kí o tó kúrò ní England, gba transcript rẹ àti àlàyé kíkún lórí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan tí o ṣe, èyí tó sọ ohun tí wọ́n kọ́ yín ní ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀. Council lè béèrè rẹ̀, yunifásítì a sì máa yí kọ́ọ̀sì padà lọ́dọọdún. Tọ́jú ẹ̀dà kan sórí ímeèlì rẹ, kí o fi ẹ̀dà kejì ránṣẹ́ sílé.